Òṣùmàrè Tó Jáde Lẹ́nu Olùkọ́

Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹsẹ̀ tó rìn jìnnà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, Tinúọlá há ẹ̀kọ́ òṣùmàrè sórí bí oríkì, síbẹ̀ ó ń fìdí rẹmi. Bó bá tún kùnà, wọn yóò lé e lọ sílé.

“Sà, ó wà lórí mi, kò kàn yé mi ni,” ló sọ fún olùkọ́ rẹ̀.

“Olódo! Bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn,” ni olùkọ́ fèsì.

Ó kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde sínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ó fi ife bu omi sẹ́nu, ó fọ́n ọn sókè. Òṣùmàrè kékeré yọ, ó rọra parẹ́ bí àlá.

Tinúọlá gba ife. Ó kọjú sóòrùn, ó fọ́n omi, kò rí nǹkan kan. Ó kẹ̀yìn sí i, ó tún fọ́n omi, òṣùmàrè yọ.

“Yéè! Àṣé ẹ̀yìn ẹni loòrùn gbọ́dọ̀ wà!”

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó dijú, ó tún rí omi náà, ó sì kọ ohun tó rí. Ó yege, kò lọ sílé mọ́.