Òkúta Tó Kún Àpò Wẹ́dà

Gbàdébọ̀, ọkùnrin kan wà ní Iléṣà, wẹ́dà ni. Jókòó dáadáa kí o gbọ́, torí ọ̀rọ̀ tí o bá wá sọ́dọ̀ mi láàárọ̀ yìí ni mo ń fèsì sí, bó tilẹ̀ dà bíi pé ọ̀nà mìíràn ni mo gbà lọ. O ní kí n bá ọ bẹ ìyá rẹ kí ó ní sùúrù. Mo gbọ́. Jẹ́ kí n sọ ti wẹ́dà yìí ná.

Ó ní àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, yàrá kan ni àwọn méjèèjì ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà àlòkù kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń gbá géèmù. Nínú géèmù náà, akọni méjì a jọ wọ inú ihò kan lábẹ́ ilẹ̀, wọn a máa bá ẹbọra jà láti ìpele kan dé èkejì tó jìn jù ú lọ. Orí kọ̀ǹpútà kan náà ni wọ́n jọ ń tẹ̀: ẹ̀gbọ́n ń tẹ bọ́tìnì apá òsì, àbúrò ń tẹ ti apá ọ̀tún, èjìká wọn a máa kanra, abọ́ gààrí kan a sì wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Wẹ́dà yìí ti jẹ oúnjẹ tó dára lẹ́yìn ìgbà náà. Síbẹ̀, bí ó bá rántí gààrí yẹn, omi a lé ròrò sójú rẹ̀.

Akọni ti àbúrò ló ń jẹ́ Arógunmásàá. Orúkọ bàbá wọn àgbà ni wọ́n fún un. Géèmù náà kò mọ àánú: akọni tó bá kú, ó kú nìyẹn, kò tún jí mọ́. Ẹ̀wù irin tó wọ̀ ló ń dáàbò bò ó, bí àwọn ẹbọra sì ṣe ń gún un ni ẹ̀wù ń gbó. Òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní òkúta amúle, tó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Bí o bá fi ra ẹ̀wù lára, bí ẹni ń fi òróró para, ẹ̀wù á le sí i. O lè fi ra tìrẹ, o lè fún ẹnì kejì rẹ kó fi ra tiẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni òkúta kan ń ṣiṣẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú ń kán ẹ̀gbọ́n. Gbogbo òkúta tó kọ́kọ́ rí ló fi ra ẹ̀wù awọ tó bá lọ́rùn ara rẹ̀. Wọn ò tíì jìnnà nígbà tí wọ́n rí ẹ̀wù irin tó dára jù ú lọ fíìfíì, ló bá di dandan kó bọ́ ti awọ dànù, tòun ti òkúta tó ti fi rà á. Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi da gààrí nù. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, òun kò tún ní fi ohun rere ṣòfò mọ́.

Ibi tó ti rí ìwà yẹn kò jìnnà. Ìyá wọn ní àwo tánganran nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Àwo àlejò ni. Ọmọ ilé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án; abọ́ páànù ni wọ́n fi ń jẹun, òun náà ni ìyá fi ń jẹ. Ìwọ náà mọ irú àwo bẹ́ẹ̀, ó wà nílé yín. Ọjọ́ òkú ìyá náà ni wọ́n tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ni wọ́n sì fi àwo rẹ̀ jẹ ìrẹsì. Ojú wẹ́dà ló ṣe. Kò kọ́ ọgbọ́n kankan níbẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Àbúrò rìnrìn àjò lọ sí ìlú òtútù, ó fẹ́yàwó, ó bímọ síbẹ̀. Géèmù náà bá wọn wọ inú fóònù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wẹ́dà a wẹ̀, a gbé àga sí ojúlé, a pe àbúrò rẹ̀, wọn a sì jọ wọ inú ihò. Arógunmásàá ìjọ́hun náà ni o, kò tíì kú. Bí wọ́n ṣe ń jà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀: ẹni tó kú ládùúgbò, ìyá alákàrà ìgbà yẹn, tíṣà tó máa ń fi rúlà na ọmọ lẹ́yìn ọwọ́. Àbúrò tí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni bí ìlú yẹn ṣe ń ṣe é, ibẹ̀ ló ti máa ń sọ ọ́. Wẹ́dà mọ̀ pé Arógunmásàá ni okùn tó kù tó so àwọn mọ́ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Bí ìyẹn bá já, kò mọ ohun tí yóò tún máa gbé àbúrò rẹ̀ wá ní ọjọ́ Àìkú.

Ní gbogbo ìgbà yìí, àpò rẹ̀ ti kún fún òkúta amúle. Kò lo ọ̀kankan. Ó ti gbọ́ pé ẹ̀wù wúrà kan wà ní ìsàlẹ̀ ihò pátápátá, pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́, tó sì fi òkúta rà á dáadáa, kò sí ohun tó lè wọlé sí i lára. Ẹ̀wù yẹn ló ń tọ́jú wọn dè.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n pàdé ẹbọra kan tó ń fi ìwo kanni. Arógunmásàá ló wà níwájú, torí òun ló ń wà níwájú láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi wá òkúta kan,” ni àbúrò wí. “Ẹ̀wù mi ti ń ya.”

“Ní sùúrù,” ni ẹ̀gbọ́n dáhùn. “A ti fẹ́ dé ìsàlẹ̀. Tí a bá ti rí ẹ̀wù wúrà, ìwọ ni màá wọ̀ ọ́ fún. Gbogbo òkúta yìí, tìẹ ni.”

Kò purọ́, Gbàdébọ̀. Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

“Ẹ ṣé, Bọ̀ọ̀dá mi. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́rùn mi yìí ni wọ́n ń gún.”

“Mo ní kí o ní sùúrù.”

Ẹbọra tún kàn án. Ẹ̀wù já. Wẹ́dà wá ń fi ìwàǹwára kó òkúta jáde, ó ń nà án sí àbúrò rẹ̀, méjì, mẹ́ta, gbogbo àpò. Géèmù náà kọ ọ́ síwájú wọn pé ẹ̀wù tó ti bàjẹ́ tán kì í gba òkúta. Ọkùnrin yìí kan náà ló ń wí lójoojúmọ́ fún oníbàárà pé kí wọ́n tètè máa gbé irin wá, pé èyí tí ìpẹtà bá ti jẹ tán kì í gba iná, ihò ni yóò máa lu. Ó mọ̀ ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Kò mọ̀ ọ́n lórí àga.

Arógunmásàá ṣubú. Àbúrò rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ó ti tán, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ má dààmú, géèmù ni.”

Wẹ́dà pè ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àbúrò ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó tún pè, ara ọmọ ń gbóná. Kì í ṣe pé wọ́n jà o. Wọ́n ṣì ń kí ara wọn lọ́dún tuntun. Àbúrò kàn ní kò wu òun láti tún bẹ̀rẹ̀ akọni mìíràn, pé ìyẹn kọ́ ló bá àwọn mu gààrí.

Wẹ́dà nìkan ló sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ó rí ẹ̀wù wúrà lóòótọ́. Ó wọ̀ ọ́, ó fi gbogbo òkúta rà á, àwọn ẹbọra gún un títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Ó jókòó ní ojúlé, fóònù lọ́wọ́, ó ń retí kí ẹnì kan sọ pé, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wo bó ṣe ń dán.”

N kò sọ pé kí èèyàn máa ná ohun rere ní ìnákúnàá. Òun náà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí wọ́n ń gún mọ́ èèyàn rẹ lọ́rùn lónìí, ibẹ̀ ni òkúta ti wúlò.

Mo yà kí ìyá rẹ láìpẹ́ yìí. Ó gbé abọ́ sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, níbi tí òjò ń jò sí. Ó fi àwòrán ilé tí o ń kọ́ hàn mí nínú fóònù, ó ń yìn ọ́, ó tọ́ka sí yàrá tí o ní yóò jẹ́ tirẹ̀. Yàrá náà dára, mo rí i. Páànù òrùlé tuntun sì wà ní àgbàlá rẹ, o fi tapólì bò ó, ò ń tọ́jú rẹ̀ de ilé yẹn. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Má jẹ́ kó ṣẹ mọ́ ìyá rẹ lára.

O ní kí n bá ọ bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù. N kò ní bẹ̀ ẹ́. Sùúrù rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìwọ ni mò ń bẹ. Dìde, ká tapólì yẹn kúrò, mú páànù mélòó kan níbẹ̀, kí o sì pe kápẹ́ńtà lọ sílé rẹ̀ kí ojú ọjọ́ tó ṣú.