Láníhún àti Àwọn Ọdẹ ní Pápá Ọ̀yì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ tẹ́tí, kí ọkàn yín náà sì jókòó ti etí yín, nítorí ìyanu tí mo gbé wá lónìí, iṣẹ́ Ọba òkè ni, ẹnu ènìyàn kò lè ròyìn rẹ̀ tán.

Láníhún, ọdẹ Ìdó-Agbà, akọni tíí wọ igbó bí ẹni wọ ilé àna, ti já ewé ìyè lórí Òkè Iwin. Nílé, ara Àbẹ̀jẹ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbóná bí irin alágbẹ̀dẹ. Bí oòrùn bá sì wọ̀, ewé náà yóò rọ, agbára rẹ̀ yóò pin. Bí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sáré bọ̀, wọ́n wọ Pápá Ọ̀yì, níbi tí kùrukùru ti nípọn bí ògì. Àṣà ọdẹ Ìdó-Agbà ni pé kí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, kí oníkálukú máa tẹ ojú ẹsẹ̀ ẹni iwájú. Láníhún tí ó ṣáájú rí ojú ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Olúwa, àwọn kan ti la ọ̀nà fún wa!" Ó tẹ̀lé e, ó tẹ̀lé e, pápá kò tán.

Iwin kan tí ń gbé pápá náà bú sẹ́rìn-ín nínú kùrukùru: "Ẹ kú ìrìn o, ẹran ọbẹ̀ mi! Ẹ máa rìn, omi ti ń hó."

Láníhún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, èkejì kò wọ̀. Ó kígbe sí ẹni tí ó kẹ́yìn, tí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bo ti gbogbo wọn mọ́lẹ̀, "Oyèbọ̀dé, bàtà rẹ dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹrẹ̀ gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́!"

Háà! Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n ń tẹ̀lé, bí ajá tí ń lé ìrù rẹ̀! Láníhún gbójú sókè, ó ké pe Ẹlẹ́dàá. Lójú kan náà ni agbo ẹyẹ ẹ̀gà fò kọjá nítòsí orí wọn, wọ́n ṣẹ́rí papọ̀ bí ara kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ wọn kò ní balógun. Kálukú ń fi ìyẹ́ tirẹ̀ fò, ó ń wo ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Láníhún ní, "Ẹ tú ìlà yìí ká! Ẹ dúró léjìká-sí-èjìká. Kí kálukú wo ẹni ọ̀tún, kí ó wo ẹni òsì, kí ó sì rìn bí wọ́n ti ń rìn."

"Ta ni yóò wá ṣáájú, ẹ̀gbọ́n?"

"Olúwa ni."

Wọ́n gbéra. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá fẹ́ yà sí òsì, èjìká ẹnìkejì a dá a padà. Bí tẹni yìí bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, ti tọ̀hún a gbà á. Àṣìṣe ń pa àṣìṣe, ọ̀nà sì ń tọ́, títí wọ́n fi já sí gbangba, tí iwin ń fi ìgbákọ lu ìkòkò tí kò sí ẹran nínú rẹ̀, tí ó ń sunkún ebi. Oòrùn ṣì wà lókè ọ̀pẹ nígbà tí Àbẹ̀jẹ́ mu àgbo ewé náà, ó làágùn, ó dìde jókòó, ó ní, "Bàbá, ebi ń pa mí." Ìdó-Agbà hó yèè!

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ má ṣe tẹ̀lé ojú ẹsẹ̀ kìkì nítorí pé ó wà nílẹ̀. Ó lè jẹ́ tiyín. Ẹ wo ẹni tí Ọlọ́run fi sí ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ dá a padà bí ó bá yà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó dá yín padà. Ẹni tó bá kọ èjìká ará rẹ̀, ìkòkò iwin ń dúró dè é.