Àwọ̀ Kọ̀ǹpútà Mojírayọ̀

Ojú Mojírayọ̀ kò ríran dáadáa, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló sì ń ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi fọwọ́ ara rẹ̀ sọ lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ di gbàǹgbà, yẹ́lò lórí dúdú. Lọ́jọ́ tó gba Línúsì tuntun, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sórí kọ̀ǹpútà náà, gbogbo àwọ̀ di eérú lórí eérú. Kò rí nǹkan kan kà mọ́ àfi tó bá fi imú kàn án.

Ládiméjì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká pa gbogbo àwọ̀ tí ẹ tò yìí rẹ́, ká lo irú ti gbogbo ayé."

"Orí ń fọ́ mi, o gbé àdá! Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Mojírayọ̀ fimú kàn án, ó tún àwọ̀ náà tò bí Línúsì tuntun ṣe fẹ́, títí yẹ́lò fi yọ.

"Àmọ́ kò rẹwà, Àǹtí."

"Ṣé ojú tìẹ ni mo fẹ́ fi kà á?"