Bí Wọ́n Ṣe Fi Akika Joyè

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí bìrí, ó yí lu Akika, ẹranko onípẹ́ tí ìtìjú máa ń mú ká jọ bí òṣùká.

Ikán fẹ́ jẹ ilé ìlú ẹranko tán, Akika ló lá gbogbo wọn mì. Ọba Erin ní òun yóò fi í joyè Atúnlùúṣe. Inú Akika dùn, ó wẹ̀, ó fi epo para. Ṣùgbọ́n ewé akòko gbọ́dọ̀ kan orí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oyè di ti Tòlótòló, tí kò ṣe nǹkan kan fún ìlú rí ju kó fẹ ìrù lọ.

Erin gbé ewé, ó ní, "Akika, akọni!" Ìtìjú mú Akika, ó ká jọ. Wọ́n wá orí rẹ̀ títí, wọn ò rí i. Wọ́n kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Akika, yọrí síta o,
Kíjìrì!
Ewé ń rọ lọ́wọ́ ọba,
Kíjìrì!

Ó yọrí. Erin tún yìn ín, ó tún ká jọ. Nígbà kẹta, Erin kàn fi ewé lé ibi tó rí.

Ewúrẹ́ pariwo, "Kábíyèsí, ìdí nìyẹn o!"

Tòlótòló sún mọ́ ọba. "Oòrùn ń wọ̀ o. Orí tèmi rèé, kedere!"

Ìyàwó Akika bá kígbe, "Baba Abẹ́ní! Ikán ti dé ìdí àga ọba!"

Akika na ọrùn jáde fìì. "Níbo?"

Kíá, Erin fi ewé lé e lórí. Ìlú hó yèè. Ìjòyè tuntun ò gbọ́. Ó ti wọ abẹ́ àga ọba lọ tewétewé, ó ń bèèrè pé, "Ikán ọ̀hún dà?"