Fèrèsé Kẹrin

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wádìí ìdí tí àwọn kan fi ń rí iṣẹ́ ṣe tí àwọn mìíràn kò fi rí. Ìjọba ìbílẹ̀ rán an sí àwọn jórinjórin ìlú kan. Wọ́n fẹ́ pín ẹ̀rọ ìjórin fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti gba òmìnira.

Òmìnira ni ọjọ́ tí ọ̀gá ń gbàdúrà lé ọmọ iṣẹ́ lórí níwájú ẹgbẹ́, tí ó sì ń wí pé, "Máa lọ dá dúró." Ẹni tí kò bá tíì gbà á, bí ó ti wù kí ó mọ iṣẹ́ tó, ọmọ iṣẹ́ ni.

Olùwádìí náà rí i pé ọmọ olówó ń gba òmìnira ní ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọmọ tálákà ń lo mẹ́fà, ó ń lo méje. Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé: "Ọmọ tálákà kì í tètè mọ iṣẹ́." Ó ku kí ó fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ tí ó fẹ́ padà, ó bá ọmọbìnrin kan tí ó ń dán ojú irin. Ọdún kẹjọ rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́.

Ó bi í pé, "Kí ni kò tíì yé ọ nínú rẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ti yé mi láti ọdún kẹta. Ewúrẹ́ ni n kò tíì rí. Ẹni tí yóò gba òmìnira gbọ́dọ̀ pa ewúrẹ́, kí ó se ìrẹsì, kí ó gbé ọtí fún ẹgbẹ́. Èédú ni ìyá mi ń tà. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ pín yìí bá tún fò mí dá, ó di ìgbà wo?"

Ọkùnrin náà ṣí ìwé rẹ̀. Ọdún ni ó ti ń kà. Kò wo ọwọ́. Ó fa ilà pa ohun tí ó kọ.

Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jó fèrèsé irin kan, ìwọ̀n kan náà, kí ọ̀gá wọn má sì sí níbẹ̀. Kò kọ orúkọ sí i. Nọ́ńbà ni ó fi ẹfun kọ. Lẹ́yìn náà ni ó pe àwọn ọ̀gá.

Olórí ẹgbẹ́ dúró níwájú fèrèsé kẹrin. Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí a jó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ni nínú yín? Ọ̀gá kan ló bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jó èyí!"

"Kì í ṣe èmi o," ni ẹnì kan dáhùn. "Ojú mi kò gbé irú èyí mọ́. Àfi bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín, bàbá ẹlẹ́tàn!"

Olùwádìí wo nọ́ńbà náà nínú ìwé rẹ̀, ó ka orúkọ: "Ìbíwùmí. Ọmọ iṣẹ́ tí ó wà ní ọdún kẹjọ." Lọ́dọ̀ olórí ẹgbẹ́ gan-an ni ó ti ń kọ́ṣẹ́.

Bàbá náà pe Ìbíwùmí síwájú. Ó ní kí wọ́n bu omi wá sínú abọ́.

"Kúnlẹ̀, ọmọ mi." Ó ti ọwọ́ bọ omi, ó fi lé e lórí. "Ewúrẹ́ kọ́ ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí. Èmi ni. Máa lọ dá dúró."

Ọ̀gá kejì pe ọmọ tirẹ̀. Ẹ̀kẹta pe tirẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, orí mọ́kànlá ti tutù. Ìyá eléédú sáré dé, ó ń jó bọ̀, ó fi ọwọ́ dúdú gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó lọ fọwọ́. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí wọ́n pín, Ìbíwùmí ni ó gbé e lọ.

Ìwọ ọ̀gá tí o jókòó níwájú mi, àná ni o sọ fún mi pé olódo ni ọmọ tí ó ti wà lọ́dọ̀ rẹ láti ọdún mẹ́fà. Síbẹ̀, bí iṣẹ́ tí ó le jù bá dé, òun ni o máa ń pè. Má ka ọdún rẹ̀ mọ́. Wo ọwọ́ rẹ̀. Omi wà nínú ìkòkò rẹ.

Bù ú.