Kàlẹ́ńdà Ìyá Ìjọ

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí kò jìnnà sí ibi tí èmi pẹ̀lú rẹ jókòó sí yìí. Fi ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ sílẹ̀ ná, Fọlárìn, a ó padà sí i. Iṣẹ́ àwòrán ni ọkùnrin náà ń ṣe. Bí ènìyàn bá fẹ́ gbéyàwó, bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ṣe kàlẹ́ńdà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé fọ́tò lọ. Á tún un ṣe lójú kọ̀ǹpútà, á fi òdòdó sí i, á kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé ní ìlú kejì. Àwọn yẹn ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Ó mọ iṣẹ́ náà, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ a máa bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń gba àlejò, òun ló sì ń gba fọ́tò lọ́wọ́ wọn. Kò kọ́ṣẹ́ àwòrán, àṣà kan ṣoṣo ló ní. Kí iṣẹ́ tó lọ, á ní kí ọkọ òun fi ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tẹ ẹyọ kan jáde. Á gbé bébà náà bọ́ síta, síbi tí oòrùn wà, á wò ó, á tún wo fọ́tò tí oníbàárà mú wá. Á wá padà wọlé, á ní, "Bàbá Ìbídùn, ojú ọmọ yìí pupa jù." Tàbí kí ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún ti bàbá yìí." Ọkùnrin náà á kùn, á sì tún un ṣe. Báyìí ni iṣẹ́ wọn ṣe ń dára.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun kan fún ọ, torí o lè rò pé ohun tí a bá rí lójú kọ̀ǹpútà náà ni a ó rí lórí bébà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní iná nínú. Iná náà ló ń ti ẹ̀yìn àwòrán tàn, tí ohun gbogbo fi ń dán. Bébà kò ní iná kankan. Íǹkì lásán ló wà lórí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó bá bá a níta náà ni yóò fi jẹ́ kí o rí i. Àwọn àwọ̀ kan tilẹ̀ wà tí iná lè ṣe tí íǹkì kò lè ṣe láéláé. Àwọn tó ṣe ètò tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ibì kan sínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí o bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á fi bí àwòrán náà yóò ṣe rí lórí bébà hàn ọ́. Àwòrán tó ń dán tẹ́lẹ̀ á ṣú lójú rẹ kíá, bí ìgbà tí a ku eérú sí i. Inú ẹnikẹ́ni kì í dùn sí i, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ní ọdún kan, ọkùnrin yìí ṣe kàlẹ́ńdà fún ìjọ wọn. Fọ́tò olùṣọ́àgùntàn ló wà níwájú rẹ̀. Ó dára débi pé àwọn ìjọ mìíràn ń wá wò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Ọ̀gá Àwọ̀, oyè náà sì wọ̀ ọ́ lára. Ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ọ́ sẹ́yìn mọ́tò. Bí ìyàwó rẹ̀ kò bá kọ̀, ì bá kọ ọ́ sára àpò ilé-ìwé ọmọ.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ obìnrin náà kò ti bá a lára mu mọ́. Lọ́jọ́ kan tí oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù, ó gbé bébà wọlé láti inú oòrùn, ó ní, "Bàbá Ìbídùn, àwọ̀ aṣọ ìyàwó yìí kì í ṣe ti inú fọ́tò tí wọ́n mú wá." Àwọn oníbàárà wo bébà, wọ́n wo Ọ̀gá Àwọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì rẹ́rìn-ín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ojú ti ọkùnrin náà, kò sì mọ ibi tí yóò gbé ìtìjú náà sí, ló bá dà á lé ìyàwó rẹ̀ lórí.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó ní, "O ò gbọ́dọ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn níwájú èèyàn mọ́. Ìwọ lo kọ́ṣẹ́ ni, àbí èmi?"

Obìnrin náà ní, "Ẹ má bínú."

Ó ní, "Lẹ́yìn wọn náà, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Jẹ́ kí n gbádùn iṣẹ́ mi."

Ẹyin lohùn. Èyí tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ṣeé kó mọ́. Obìnrin náà kò sọ nǹkan kan mọ́, ọkùnrin náà kò sì tẹ ẹyọ kan wò mọ́. Ibi tí a ń tẹ̀ nínú ètò yẹn, ó pa á tì, torí kì í wù ú kí iṣẹ́ òun ṣú lójú òun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, oòrùn ọ̀sán a sì máa wọlé bá a, ló bá gbé iná kọ̀ǹpútà dé òpin ibi tó lè dé. Gbogbo ohun tó bá ṣe ló ń tàn yòò lójú rẹ̀.

Ọdún kejì, wọ́n fi ìyá ìyàwó rẹ̀ jẹ Ìyá Ìjọ. Arẹwà ni ìyá náà, adúmáadán tí ara rẹ̀ ń dán bí ẹni fi epo pa á. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n dídán náà kò lọ. Opó ni, kò lọ́rọ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n ti gbé fọ́tò rẹ̀ síwájú ohunkóhun rí. Ìjọ wá pinnu pé òun ni yóò wà níwájú kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún òun, ìyá òun ni. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ìyá náà ti ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọkọ ọmọ òun ló ń ṣe é.

Abẹ́ igi ni wọ́n ti ya fọ́tò náà, òjìji igi sì bo ojú rẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú iná tó dé òpin yẹn, ojú ìyá náà ń dán lójú kọ̀ǹpútà bí òun fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà tilẹ̀ rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì dín in kù. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ọkùnrin náà gbọ́ bó ṣe mí, ó sì mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn ọdún ni wọ́n pín kàlẹ́ńdà náà. Dídì ni wọ́n dì í wá, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tú u. Ojú ìyá náà ṣú bí ìdí ìkòkò. Gèlè funfun ni a rí, àti eyín, àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Imú kò sí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò sí. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan bi ẹnì kejì rẹ̀ pé ta nìyí. Ìyá náà jókòó ní ìlà iwájú, ó tẹ́ kàlẹ́ńdà sórí orúnkún, ó ń fi àtàǹpàkò nu ojú ara rẹ̀ lórí bébà, ó rò pé ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀.

Ọkùnrin náà rí i. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ikú kì í dé nígbà tí a bá pè é. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà jáde.

Ẹnikẹ́ni tó bá bi í, á ní íǹkì ilé ìtẹ̀wé ni kò dára. Ó sọ ọ́ fún olùṣọ́àgùntàn, ó sọ ọ́ fún àwọn akọrin, ó sọ ọ́ títí òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, kò sì já a nírọ́.

Ìwọ náà mọ bí kàlẹ́ńdà ṣe rí nílé wa. Kì í ṣe ohun tí a ń wò lọ́jọ́ kan tí a ó sì jù nù. Ọdún gbogbo ló fi ń wà lára ògiri. Ọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ìyá ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó lọ kí ẹni tó bímọ, ìyá náà wà lókè ibùsùn. Kò sí ilé ọmọ ìjọ tó lọ tí ojú tí kò hàn yẹn kò ti ara ògiri wò ó. Nígbà tó yá, kí ó tó jókòó nílé onílé, á kọ́kọ́ wá àga tó kẹ̀yìn sí i.

Ilé ìyá náà gan-an ni kò lè lọ. Ó ń ṣe àwáwí títí Ọdún Àjíǹde fi dé, àwáwí sì tán. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní àárín pálọ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, kàlẹ́ńdà náà ló kọ́kọ́ rí, lókè orí ìyá náà gan-an. Ìyá náà ti fi férémù àti gíláàsì sí i.

Ó ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ gbé e kọ́?"

Ìyá náà ní, "Níbo ni kí n gbé e sí? Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni, Bàbá Ìbídùn."

Kì í sọ "o" fún un. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin náà ti wá tọrọ ọmọ rẹ̀ ló ti ń bọ̀wọ̀ àna fún un, kò sì dín in kù lọ́jọ́ náà. Ì bá sàn kí ó bú u.

Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, íǹkì àwọn ilé ìtẹ̀wé yẹn ni. Íǹkì wọn ò dáa."

Ìyá náà kò jiyàn. Ó kàn yí ojú sí ògiri. Àwọn àgbàlagbà kì í yọ kàlẹ́ńdà àtijọ́, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ tuntun sí. Ti èsí ṣì wà níbẹ̀. Olùṣọ́àgùntàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú rẹ̀, gbogbo ìlà ojú rẹ̀ ló hàn kedere. Orúkọ ilé ìtẹ̀wé kan náà ló wà nísàlẹ̀ méjèèjì, orúkọ Ọ̀gá Àwọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá náà ní, "Àwọn náà ló tẹ ti èsí, ó sì dáa. Mi ò bínú o. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó yí padà ni."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé omi wá fún un, ó dúró tì í pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Kò sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ní kó má sọ̀rọ̀, ó sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, àní nílé ìyá tó bí i. Ìgbọràn yẹn dun ọkùnrin náà ju èébú lọ.

Ó ní, "Ìyá, kì í ṣe íǹkì. Ọmọ yín ló máa ń bá mi gbé iṣẹ́ bọ́ síta wò. Èmi ni mo ní kó má sọ̀rọ̀ mọ́."

Ìyá náà wo ojú tó ṣú nínú gíláàsì, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Á jẹ́ pé ọmọ mi mọ̀ pé báyìí ni mo ṣe máa rí."

Obìnrin náà gbé omi kalẹ̀, òun náà sì sorí kọ́. Ọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀ pé kí ìyá jẹ́ kí òun yọ kàlẹ́ńdà náà, òun á tẹ òmíràn. Ìyá náà ní kí ó fi í sílẹ̀, pé ọdún á parí fúnra rẹ̀.

Ọdún náà ti parí, Fọlárìn. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún ọ pé àwọn àgbàlagbà kì í yọ kàlẹ́ńdà.

Bàbá rẹ ló fi ọ́ lé mi lọ́wọ́ kó tó lọ, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹbí fi ọ́ jẹ olórí, mo bá ọ yọ̀. O wá ní kí n bá ọ pàṣẹ kí àbúrò rẹ má wá sí ìpàdé mọ́, torí ó ń bà ọ́ lójú jẹ́ níwájú àwọn ìyàwó ilé. O fẹ́ ta ilẹ̀ ẹbí tó wà létí odò, ó ní ti àwọn ọmọ òrukàn inú ẹbí ni. N kò sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló dùn ún gbọ́. Ẹnu rẹ̀ mú, ó ti gún èmi náà rí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó ń pè ọ́ ní olórí rere, ta ló tíì gbé ọ̀rọ̀ rẹ bọ́ sínú oòrùn wò? Iná ara rẹ lo fi ń wo ara rẹ, ó sì mọ́lẹ̀, n kò jiyàn. Ẹbí kò ní iná yẹn nínú. Bí ohun tí o ṣe bá ṣe bọ́ sí wọn lára ni wọn yóò ṣe rí i, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò sì gbé e kọ́. Ẹni tí kò bá gba ìtìjú kékeré lójú kọ̀ǹpútà, á gba ńlá lára ògiri.

Mo rí i pé o ti tẹ orí ba. Má tẹ̀ ẹ́ ba fún èmi. Ọ̀la ni ìpàdé. Yà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ bí o ti ń lọ sílé, kí o sọ fún un pé àga rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí ojú bá tì ọ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, jẹ́ kó tì ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa rí i.