Ìlẹ̀kẹ̀ Kan Tó Dín Nínú Mọ́kànlélógún

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ ti gbọ́ ọ rí, ẹ̀yin náà sì ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn rí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó wò. Ojú tó kún fún omi, tó wú, tó pọ́n, báwo ló ṣe fẹ́ ríran? Àbí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí kò mọ bí ẹkún ṣe ń rí ni? Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín, kí ẹni tó bá sì gbé ọmọ lọ́wọ́ kọ́kọ́ wo ẹnu ọmọ rẹ̀ wò.

Àyọ̀ká ni orúkọ obìnrin náà, abúlé Ọlọ́pọ̀tọ́ ni ilé ọkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi wá ọmọ kó tó bí Ìbídùn. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí nínú ilé. Bó bá sín, wọ́n á ní òtútù ti mú un. Bí kò bá sín, wọ́n á ní kí ló dé tí kò sín láti àárọ̀. Àyọ̀ká nìkan kọ́ ló ń ṣàníyàn yìí, ìyá ọkọ rẹ̀ tún ṣe jù ú lọ.

Ìyá Ẹlẹ́kún ni wọ́n ń pe ìyá ọkọ yìí, kì í sì í ṣe orúkọ ẹ̀gàn. Bí àgbà bá kú ní Ọlọ́pọ̀tọ́ àti ní gbogbo abúlé tó yí i ká, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè kó wá bá wọn dá ẹkún sílẹ̀. Á káwọ́ lérí, á di ojú méjèèjì pinpin, á sì fi igbe ta. Ó ní bí wọ́n ṣe ń sun ojúlówó ẹkún nìyẹn.

"Ẹni tó bá lajú sunkún," ó máa ń wí, "ó kàn ń bọ́jú ni."

Òun náà ló ń wẹ ọmọ, nítorí iṣẹ́ ìyá àgbà ni. Òun ló sì sín ìlẹ̀kẹ̀ pupa mọ́kànlélógún tó wà ní ìdí Ìbídùn láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́jọ, Àyọ̀ká wo òwú náà, ó fọwọ́ fà á wò.

"Ìyá, òwú yìí ti gbó o. Ẹ ò ṣe jẹ́ ká tún un sín?"

"Òwú tí mo fọwọ́ ara mi ran? Òwú yẹn á sìn ín délé ọkọ."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni òwú já. Ìyá Ẹlẹ́kún jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ lé e, ó wẹ̀ ẹ́, ó nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, ó sì fi òrí pa á lára títí tó fi ń dán. Òrí náà kun òun alára dé ìgbọ̀nwọ́. Ó wá ju ọmọ sókè, ó gbà á. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kejì, òwú já pẹ́ẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ sì fọ́n ká.

Wọ́n ṣà á sínú ọmọrí igbá, wọ́n kà á. Ogún. Wọ́n tún un kà. Ogún náà ni. Wọ́n wo Ìbídùn, ẹnu rẹ̀ ń lọ. Eyín ọmọ náà ń yọ lọ́wọ́, kò sígbà tí ẹnu rẹ̀ kì í lọ, ṣùgbọ́n ta ló rántí ìyẹn? Ibi tí wọ́n ti ń wò ó ni òsúkè ti mú un.

"Ẹ gbọ́ ọ," Ìyá Ẹlẹ́kún wí, "ìlẹ̀kẹ̀ ló ń kanlẹ̀kùn nínú ọ̀fun yẹn." Ó káwọ́ lérí, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀.

Ọdẹ́kúnlé, ọkọ Àyọ̀ká, sáré jáde láti inú yàrá, ẹsẹ̀ kan nínú ṣòkòtò, ẹsẹ̀ kejì níta. Ọkùnrin tó dá ẹfọ̀n pa nínú igbó nìyí o. Bó ṣe gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó sì ń sunkún ju ìyá rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni Bàbá Alágbẹ̀dẹ, aládùúgbò wọn, gbé ahá epo pupa kan dé.

"Kò sí ohun tí epo kì í mú yọ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká dà á sí i lẹ́nu, ìlẹ̀kẹ̀ á yọ̀ lọ sísàlẹ̀."

"Rárá, Bàbá," Ọdẹ́kúnlé fèsì tòun tẹkún. "Ẹ jẹ́ ká dorí rẹ̀ kodò, kó gba òkè jáde."

Àwọn méjèèjì wá ń jiyàn lórí ọ̀nà tí ìlẹ̀kẹ̀ yóò gbà.

Àyọ̀ká gbé ọmọ sórí itan. Ó ń sunkún, ẹkún ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ó ti ọmú sí ọmọ lẹ́nu, ó rí i pé ó ń mu ún geere, ó wá rò ó pé ọ̀fun tí nǹkan há kò lè gbé wàrà mì báyìí. Ó tú gbogbo ibi tí ẹran ọrùn ọmọ ti ṣẹ́ po wò. Ó wo ẹní, ó wo ọpọ́n ìwẹ̀, ó wo ìdí àpótí.

Ìyá Ẹlẹ́kún la ojú kan díẹ̀ láti wo ẹni tó ń bá òun gbe ẹkún. Ojú Àyọ̀ká ló kọ́kọ́ rí, tó là sílẹ̀ rekete.

"Àyọ̀ká, ṣé ọmọ aládùúgbò ló gbé ìlẹ̀kẹ̀ mì ni? Di ojú rẹ, kí o sunkún bí ìyá ọmọ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àyọ̀ká wọ egungun. Ó kù díẹ̀ kó di ojú náà, kí wọ́n má baà sọ pé kò fẹ́ràn ọmọ tó fi ọdún mẹ́fà wá. Bàbá Alágbẹ̀dẹ ti fi ìka ya ẹnu Ìbídùn, ahá epo ti kan ètè ọmọ. Ìyá Ẹlẹ́kún tún káwọ́ lérí, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gòkè. Nǹkan pupa kan sì ń dán nídìí ìgbọ̀nwọ́ ọ̀sì, níbi tí òrí kì sí.

Àyọ̀ká gbá ahá epo dànù. Àyà Bàbá Alágbẹ̀dẹ ló dà sí.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ má sọ ọwọ́ yín kalẹ̀."

"Ìwọ ni yóò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń káwọ́ lérí?"

Àyọ̀ká dìde, ó tẹ̀ka mọ́ ìgbọ̀nwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó yọ ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó sì jù ú sínú ọmọrí igbá. Ó dún kó. Mọ́kànlélógún pé. Gbogbo ilé dákẹ́, àfi Ìbídùn tí òsúkè kò tíì dá. Ìgbà yẹn gan-an ni Àyọ̀ká tó wá jókòó, tó sunkún tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Ìyàwó mi," Ìyá Ẹlẹ́kún wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀, "ṣebí ìwọ náà ń sunkún. Báwo lo ṣe rí i?"

"Mo ń sunkún lóòótọ́, Ìyá. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran."

Ìyá Ẹlẹ́kún fa ọmọrí igbá náà mọ́ra. Ó ní kí wọ́n bá òun wá òwú tuntun.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí bàbá àgbà kan fi kú ní abúlé kejì, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Ìyá Ẹlẹ́kún. Ó káwọ́ lérí, ó fi igbe ta, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún nìkan ló dì.

"Erin wó o, a ò rí baba mọ́, baba olóore, ẹ lé ewúrẹ́ yẹn kúrò nídìí ẹ̀kọ, baba tó ń ṣaájò, ó ti jẹ méjì, erin wó o."

Wọ́n sáré lé ewúrẹ́. Ó kù díẹ̀ kí ẹ̀kọ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àlejò tán pátá. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, àkọ́bí olóògbé tọ̀ ọ́ wá.

"Ìyá, kí ló ṣe ojú yín kan tí kò dì?"

"Kò sóhun tó ṣe é," Ìyá Ẹlẹ́kún dáhùn, ó ń nu omijé. "Ìyàwó mi ló kọ́ mi. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran."